Kóòtù Mejọ Nínú Oko Àchà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé èmi náà sin. Ọjọ́ náà ni mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní oko olóko, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ mi, tí mo sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún fún ẹni tí kò bi mí léèrè. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́, nítorí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó kàn rò pé ọjọ́ ogbó ló ti ń dà mí lórí rú.

Ṣójà ni ọkọ mi. Ipò Mejọ ló dé kó tó fẹ̀yìn tì, Mejọ náà ni gbogbo àdúgbò wa ní Tudun Wada sì ń pè é títí ó fi kú. Èkìtì ni a ti wá. Iṣẹ́ ọba ló gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì, ó sì mú èmi náà dání. Èmi kò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n wá bá ìyá mi ta ẹ̀pà. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ní kí o jókòó, wàá ti jókòó tán kí o tó rí i pé kò sí àga níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí kò lè wò ó lójú. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ó pẹ́ kí n tó lè wò ó pẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ dé, ọkùnrin náà yí padà. Délé, àkọ́bí wa, bí mẹ́rin. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa jí lọ síbi iṣẹ́ ní Kuru kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó jinná, nítorí náà ọwọ́ wa ni àwọn ọmọ wà. Láràárọ̀, bí aago mẹ́fà bá ti lù, Mejọ á gbé kóòtù ńlá rẹ̀ wọ̀, kóòtù ṣójà tó nípọn bí ẹní, torí òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe eré. Á jáde sí àgbàlá, á fọn fèrè irin kékeré kan. Fíìì! Àwọn ọmọ á tú jáde, wọn á tò. Á yẹ èékánná wò, á yẹ etí wò, á ní kí wọ́n ṣí eyín. Ẹni tó bá mọ́ tónítóní, á ki ọwọ́ bọ àpò, á fún un ní kúlíkúlí kan. Ẹni tí kò bá mọ́, á fún òun náà, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ dojú le.

Fèyí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni àbíkẹ́yìn wọn. Ìka mi ti ń ro mí, n kò lè dirun mọ́, Mejọ bá ní òun á kọ́ ọ. Ó lọ jókòó ti onídìrí tó wà ní ìta wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà bí ẹni ń ṣọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé Fèyí sáàárín orúnkún, ó di ìlà márùn-ún tó gún régé. Ọmọ náà kò lè ṣẹ́jú dáadáa títí di ọjọ́rú, ó le jù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Òun ni Mejọ ṣèlérí fèrè náà fún. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ó ní, "Ọjọ́ tí n kò bá jí, ìwọ ni kí o fọn ọ́n. A kì í fi páréèdì sílẹ̀ láìní ọ̀gá."

Lọ́jọ́ kan, ní ìgbà òjò, kò jí.

Àwọn ṣójà wá sin ín, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n ká àsíá lé mi lọ́wọ́. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, a pín aṣọ rẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí ohun tó wúlò bàjẹ́ nínú àpótí. Agbádá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, bàtà lọ sọ́dọ̀ Délé, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòtù ńlá yẹn, mo ká a fúnra mi, mo fi ránṣẹ́ sí Sálíù. Gbogbo ẹbí ń wò mí lẹ́nu. Ta ni Sálíù?

Sálíù ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nígbà tí a ṣì kéré, tí Délé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ọmọ Ìlọrin yìí ni alágbàfọ̀ gbogbo àwọn ọ̀gá ní bárékè wa. Aṣọ tó bá lọ̀, eṣinṣin á yọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mò ń se ọbẹ̀, epo ta sórí fìlà ṣójà ọkọ mi, fìlà onírun àgùntàn tí wọ́n máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan orí. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé fìlà sínú omi tó ń hó, mo fi ọṣẹ dúdú bò ó, mo fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Epo lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ fìlà, ó ti kéré bí ìdajì àgbọn.

Kí ni mo ṣe? Mo fi iná gbẹ ẹ́, mo sì kì í bọ inú ẹrù aṣọ tí Sálíù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tó gbé kalẹ̀ lórí àga.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mejọ tú ẹrù náà lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó gbé fìlà lé orí. Fìlà náà jókòó síbẹ̀ bí adìẹ tó sàba lé ẹyin kan ṣoṣo. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Sálíù nìyẹn. Ó ń búra pé, "Wọláhi, ọ̀gá, fìlà yìí kò dé ọwọ́ mi." Mejọ ní kó má tún ti ẹnu ọ̀nà bárékè wọlé mọ́. Gbogbo oníbàárà rẹ̀, ọjọ́ kan ló pàdánù wọn. Mo pọn Délé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà á. Mo ní màá sọ ọ́ fún ọkọ mi tó bá di alẹ́. Ó di alẹ́, mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà ló di ogójì ọdún ó lé.

Nítorí náà, nígbà tí Sálíù wá síbi ìsìnkú, tó dúró lẹ́nu géètì tó ń ṣàdúrà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, n kò lè jáde lọ bá a. Mo wá fi kóòtù ránṣẹ́, bí ẹni pé kóòtù lè bo irọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Mo wá ṣàkíyèsí pé láràárọ̀, bí aago mẹ́fà bá lù, Fèyí á jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn nìkan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sùn. Kò ní sunkún, kò ní sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ẹyẹlé ló ń jẹ ẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti ń tín-ín-rín. Mo lọ jókòó tì í.

"Fèyí, kí lò ń dúró dè?"

"Fèrè, Kàkà." Kàkà ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ọmọ Haúsá ṣe ń pe ìyá àgbà. Ọmọ Jọ́ọ̀sì ni wọ́n, Haúsá dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ.

"Fèrè dà?"

"Ó wà nínú kóòtù Bàbá Mejọ. Nínú àpò ti inú, tó ní bọ́tìnnì."

"Kí ló dé tí o kò sọ nígbà tí à ń pín aṣọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Bàbá Mejọ ní ohun tó wà ní àpò inú, àṣírí ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo máa ń yẹ àpò aṣọ wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rẹ ẹ́ sómi, n kò yẹ ti kóòtù yẹn wò. Ìtìjú ló ń lé mi, mo fẹ́ kó tètè kúrò nílé. Bó ṣe di pé mo gbọ́dọ̀ lọ bá Sálíù lójúkojú nìyẹn, ẹni tí mo ti ń sá fún lọ́jà láti ìgbà tí eyín mi ti pé.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mú Fèyí dání, a lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló pàdé wa. Ó ní, "Ó wà lóko ní Zawan, Màmá. Àchà ti ń gbó, ẹyẹ kò jẹ́ kó sinmi." Àchà ni ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibí máa ń gbìn. Mo béèrè kóòtù. Ó ní, "Há, ó ti gbé e lọ sóko. Ó ní ibẹ̀ ló ti máa wúlò jù." Mo rò pé nítorí òtútù ni. Ẹ rántí pé ohun tí mo rò nìyẹn.

A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kùrukùrù sì bo gbogbo ilẹ̀ débi pé a kò rí òkè tó wà nítòsí. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, awakọ̀ pa kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Màmá, bábù hányà," ó ní, kò sí ọ̀nà mọ́. "Bí mo bá wọ ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ ó tì mí jáde o." Mo wo apá mi, mo sọ̀kalẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi gbé bàtà mi kan mì. Ó gbé e mì pátápátá, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Fèyí ní kí n máa lọ, òun á wà á jáde. Mo ń tiro lọ níwájú, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nínú òtútù.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Mejọ dúró láàárín oko. Kóòtù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé òkè bó ṣe máa ń ṣe, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó kẹ̀yìn sí mi díẹ̀ bí ìgbà tó bá ń bínú. Àchà dé orúnkún rẹ̀, kùrukùrù ń kọjá lára rẹ̀. Orúnkún mi kò béèrè lọ́wọ́ mi kó tó kúnlẹ̀.

"Bàbá Délé," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ ohun tó ń dà yín láàmú. Fìlà yẹn ni. Èmi ni mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Sálíù kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo kì í sáàárín ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rù yín ló bà mí, lẹ́yìn náà ẹ̀rù irọ́ náà fúnra rẹ̀."

Kò dáhùn. Kì í tètè dáhùn tẹ́lẹ̀ náà. Mo bá tẹ̀ síwájú.

"Rédíò yín náà, kì í ṣe ológbò ló jù ú sílẹ̀. Èmi ni. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ yìí ní fèrè rẹ̀. Kò jẹun mọ́. Ilé ti dákẹ́ jù, Bàbá Délé. Mo máa ń jí ní aago mẹ́fà, n kì í gbọ́ nǹkan kan."

Ẹkún gbọ̀n mí. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ẹyẹ kékeré kan ti bà lé e léjìká. Ó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹyẹ náà sì ṣe sí ọkọ mi lára. Mejọ tí mo mọ̀ kò ní gba irú ìyẹn láéláé. Mo ń wò ó. Mo wo apá tó nà. Kò sí ọwọ́ lẹ́nu rẹ̀. Igi ni. Mo wo orí. Àpò ìrẹsì ni, tí wọ́n ki koríko bọ̀. Aṣọ́komásùn ni, irú èyí tí àgbẹ̀ máa ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹyẹ lè rò pé ènìyàn ló dúró.

"Ìyá Délé, ẹ dìde. Ẹrẹ̀ yẹn tutù."

Sálíù wà lẹ́yìn mi. Àwọn obìnrin méjì tó ń bá a ro koríko dúró tì í, ọwọ́ wọn wà lẹ́nu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Fèyí dé lásìkò náà gan-an, ó gbé bàtà mi lọ́wọ́ bí ẹja. "Kàkà, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ tẹ̀lé bàtà.

"Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?" mo bi Sálíù.

"Láti orí fìlà," ó ní. "Mo gbọ́ ti rédíò náà."

Ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fa koríko tu díẹ̀díẹ̀.

"Ọṣẹ dúdú," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Mejọ na fìlà sí mi, òórùn ọṣẹ dúdú ni mo gbọ́. Alágbàfọ̀ wo ló ń fi ọṣẹ dúdú fọ fìlà onírun? Mo ti mọ ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ náà."

"Kí ló dé tí ẹ kò wí?"

"Kí n wí fún ọkùnrin, lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, pé ìyàwó rẹ̀ ló purọ́ mọ́ mi? Ọmọ wà lẹ́yìn yín." Ó ju koríko ọwọ́ rẹ̀ nù. "Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Mejọ fi wá bá mi. Òun náà ní imú. Ó ní òun ti pariwo lójú ayé, òun kò mọ bí òun ṣe máa gbé e mì. Ó bẹ̀ mí. Òun ló bá mi tọrọ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn ará Zawan. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ ó sọ fún òun fúnra yín lọ́jọ́ kan, òun á dúró."

"Fún ogójì ọdún?"

"Ṣójà ni. Wọ́n mọ ìdúró."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Àwa méjèèjì! Òun tí ìbọn kò dẹ́rù bà, kò lè sọ pé òun ṣì í. Èmi náà kò lè sọ pé èmi ni. Ọkùnrin kan ló wá ru ẹrù àwa méjèèjì.

"Ó dùn mí, Ìyá Délé," Sálíù ní. "N kò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe torí iṣẹ́. Ọlọ́run fún mi ní òmíràn. Torí pé ẹ máa ń rí mi lọ́jà, ẹ ó yí ojú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí n tó kú. Ó dáa, mo ti gbọ́ ọ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi lẹ ń sọ ọ́ fún."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ kò pọ̀ fún mi. Mo kàn yí orúnkún mi sọ́dọ̀ rẹ̀. "Sálíù, èmi ni. Mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ má bínú sí mi."

"Ó ti tán," ó ní. Ó na ọwọ́, ó fà mí dìde. Ó wá wo kóòtù. "Ẹ má rò pé mo fi ẹ̀bùn yín ṣeré o. Ó tóbi jù mí lọ. Mo ní bí Mejọ ṣe ń dẹ́rù ba ènìyàn tó yẹn, ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá á dẹ́rù ba ẹyẹ. Ẹyẹ àkọ́kọ́ tí kò bẹ̀rù rẹ̀ lẹ rí yẹn."

Fèyí ti lọ síbi kóòtù. Ó na ẹsẹ̀, ó tú bọ́tìnnì àpò inú, ó yọ fèrè. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ nǹkan mìíràn tí wọ́n fi ìwé ìròyìn dì. Ó wò mí bí ẹni tí ọwọ́ tẹ̀. Ó tú u, ó gbé e lé orí, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Fìlà náà ni. Ó bá orí rẹ̀ mu bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

"Bàbá Mejọ ní kí n má jẹ́ kí Kàkà rí i," ó ní. "Ó ní òun ti ń wá orí tó máa gbà á láti ìgbà tí Dádì ti kéré. Ó ní ti Dádì tóbi jù."

Ó fi fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Fíìì! Gbogbo ẹyẹ oko náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin méjì yẹn na ẹ̀yìn. Sálíù nà ró. Èmi náà, mo kó ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀, èyí tó wọ bàtà àti èyí tí kò wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

A fi kóòtù sílẹ̀ níbẹ̀. Sálíù fẹ́ bọ́ ọ fún wa, mo ní kó fi í sílẹ̀ títí yóò fi kórè. Mejọ kò fẹ́ràn kó jókòó lásán rí láyé rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà lù, fèrè dún ní àgbàlá wa. Àwọn mẹ́ta yòókù já bọ́ láti orí ibùsùn bí ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń wò wọ́n, mo sì ń fi ìborùn nu ojú. Fèyí yí sí mi, fìlà lórí rẹ̀. "Kàkà, ẹ̀yin náà, ẹ wá tò." Mo lọ tò sẹ́yìn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó yí ọwọ́ mi síwá sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ Zawan ṣì kù lábẹ́ èékánná mi. Ó dojú le, ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní kúlíkúlí kan, ó sì jẹ tirẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Sálíù wá sílé wa. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà wọlé, mo sì lọ pàdé rẹ̀. Ó gbé àpò àchà kan dání, àti kóòtù, tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Àwọn ọ̀gá ṣójà ìgbà àtijọ́ nìkan ló mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹnì kan sọ, ẹ tètè lọ bá a nígbà tó lè da yín lóhùn. Igi kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ẹyẹ ló ń bà lé e. Èmi mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹrẹ̀ ló kọ́ mi.

Mo gba kóòtù lọ́wọ́ Sálíù, mo gbé e sí imú. Kò sí òórùn Mejọ níbẹ̀ mọ́, òórùn ọṣẹ nìkan ni. Sálíù rí ojú mi bó ṣe yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí.

"Ìyá Délé," ó ní, "omi tútù ni mo lò o."

Ẹ̀rín tó pa mí lọ́jọ́ náà, kò tíì tán lára mi di òní.